Orúkọ Méjì Lórí Ìlà Kan

Igbó-Ọrà,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta, 2024.

Málákì,

Mo ti wo iye tó wà nínú ìwé ìbatisí náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò pé. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọwọ́ èmi Keturah ni ohun tí ìjọ wa ti ń retí láti ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin máa bàjẹ́ sí.

Mi ò tíì kí ọ, mo mọ̀. Má bínú. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Áílándì ti dẹwọ́ díẹ̀? Ṣé o ń jẹun kí o tó lọ tọ́jú àwọn arúgbó yẹn, àbí tíì àti búrẹ́dì náà ni? Àwa níbí wà láàyè. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ará oko ti ń kọ ebè. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń dùn mí. Má ṣe fi oògùn ránṣẹ́, èyí tó wà nílẹ̀ kò tíì tán.

O máa ní kí ló dé tí mi ò kàn pè ọ́. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ti gbé ìdajì lọ, ìwọ náà á sì ti máa ní "ó dáa, Màámi, ó dáa." Lẹ́tà kì í ní ó dáa. Mo fi ọwọ́ kọ ọ́, mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́. Kà á tán kí o tó fèsì.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ sọ ìjọ ẹ̀ka kan di páríìṣì ní Ìbàràpá lọ́dún yìí. Ìjọ kan ṣoṣo. Ó kù sí àárín àwa Mọ́níkà Mímọ́ àti ìjọ kan lẹ́bàá Ayete. Èyí tó bá bọ́ sí i máa ní Fádà tirẹ̀, tó ń sùn tó ń jí nínú ọgbà. O mọ bí a ṣe ń ṣe é látẹ̀yìn wá: Fádà á wá lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, bí ojú ọ̀nà bá dáa. Nígbà tí bàbá rẹ ń lọ, a ránṣẹ́, a tún ránṣẹ́, Fádà ò dé títí ó fi dákẹ́. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú tí mo ń ka àdúrà tí mi ò mọ ìdajì rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ yìí ní 1958, nínú abà tí wọ́n ti ń sá tábà, Bàbá Òjó nìkan ló kù. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ní òun ò bẹ̀rù ikú, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ kú bí àwọn mẹ́ta yòókù ṣe kú, tí Fádà ń bá òkú sọ̀rọ̀.

Ìgbìmọ̀ tí Bíṣọ́ọ̀bù rán wá ní àwọn ń fẹ́ ilẹ̀ tó ní ìwé, ilé Fádà, àti ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn nínú ìwé ìbatisí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ti yanjú. Ẹbí Búrẹ́mọ̀ tó fún wa nílẹ̀, Mùsùlùmí ni gbogbo wọn, wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tayọ̀tayọ̀. Ilé Fádà ti kan òrùlé. Ìwé ìbatisí ló kù, èmi tí mo ka Girama ni wọ́n sì fi ṣe akọ̀wé. Mo ṣí i, mo wo nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn: 1,931. Ó dín mọ́kàndínláàádọ́rin. Mo sì ti sọ ọ́ síta lójú ìgbìmọ̀ kí n tó ronú.

Mo ti ya gbogbo ojú ìwé náà ránṣẹ́. Bá mi wò ó bóyá ojú mi ló ń tàn mí. Òpin oṣù Kẹfà ni wọ́n dá fún wa.

Ọmọ́ṣọlá, Kẹ́hìndé rẹ, wà ní Èrúwà, ó ń kọ́ni. Láti ìgbà tó ti fẹ́ Tàófíìk tó jẹ́ Mùsùlùmí, kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ́, ìwọ náà ò sì bá a sọ̀rọ̀. Ó di ọdún mẹ́ta. Inú kan náà lẹ jọ gbé. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ṣé o ń lọ Míísà?

Èmi ni, ìyá rẹ.


Igbó-Ọrà,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹrin, 2024.

Málákì,

Àmì méjì orí Wásáàpù ti di búlúù láti ọjọ́ kejì tí mo fi lẹ́tà ránṣẹ́. O ti rí i. O ti kà á. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ara rẹ ò bá yá, sọ fún mi. Bí ara rẹ bá yá, a jẹ́ pé èmi ni mi ò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ kú ọdún Àjíǹde o, bí ẹ bá ń ṣe é lọ́hùn-ún.

Bámiṣẹ́, alága ìjọ wa, wá bá mi lọ́jọ́ Tuesday. O rántí rẹ̀, ẹni tó ń ta irinṣẹ́ oko nítòsí gáréèjì. Ó ní kí n ṣí ìwé náà kí n kọ orúkọ mọ́kàndínláàádọ́rin sí i, àwọn ọmọ tí a ò tíì ṣe ìbatisí fún. Ó ní a óò ṣe é fún wọn bó bá yá, ṣebí Ọlọ́run ti mọ̀ wọ́n. Mo ní Ọlọ́run mọ̀ wọ́n, ìwé ò mọ̀ wọ́n. Ó wò mí sùn-ùn.

"Ìyá Ìbejì, ìwé tẹ́ ẹ kà yìí ló máa pa ìjọ yìí."

Ó fi báírò rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ. Mi ò mú un, ṣùgbọ́n mi ò dá a padà náà. Ó wà níbẹ̀ títí di òní. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Nítorí pé ibà gbé Bàbá Òjó dè lọ́sẹ̀ tó kọjá. A ránṣẹ́ sí Fádà, ọjọ́ kẹrin ló tó ráyè. Ọlọ́run ló ní bàbá náà máa dìde. Nígbà tí Fádà wọlé, Bàbá Òjó ti ń mu ẹ̀kọ, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Fádà, mo ti bá yín ka àdúrà ìkẹyìn sórí ara mi." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn.

Mo bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́rin, o ò dáhùn ọ̀kan. Ṣé ojú ìwé yẹn ni o ò fẹ́ wò ni, àbí ojú mi? Bí o bá ti pa ìsìn tì, má fi pamọ́ fún mi. Mo ti rí èyí tó ju ìyẹn lọ.

Ìyá rẹ, Keturah.


Cork, Áílándì,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 2024.

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kúulé o. Ẹ kú àmójútó ìjọ. Orúnkún yín ńkọ́? Ẹ bá mi kí Bàbá Òjó, ẹ ní ó ṣì jẹ mí ní gbèsè ìtàn abà tábà yẹn, kò gbọdọ̀ lọ síbì kankan.

Mo jẹ̀bi, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Gbogbo lẹ́tà tí ẹ bá kọ, ẹ máa ń bi mí nípa Míísà ní ìparí, bí ẹni tó ń wo àpò ọmọ bóyá ó jí ẹran. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sunday, Màámi. Mi ò tíì lọ Míísà láti Kérésì. Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, wọ́n tì í ní oṣù Kínní. Fádà kan ló ń mójú tó mẹ́rin, ó sì ti di arúgbó. Àwọn màmá tí mo ń tọ́jú ní nígbà èwe àwọn, èèyàn máa ń kún dé ìta. Ibí ni àwọn Fádà tó kọ́kọ́ wá ṣe Míísà fún ìjọ wa nínú abà tábà ti wá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ìyẹn sí yín, nígbà tí ẹ̀yin ń sáré kiri kí tiyín lè dàgbà? Mo ka lẹ́tà yín, ojú tì mí, mo gbé fóònù sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣe lọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà yín kejì dé, báírò Bámiṣẹ́ ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn fọ́tò náà lákòókò ìsinmi níbi iṣẹ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ wá orúkọ ara mi. Mo rí i: nọ́ńbà 702, ọdún 1987. Màámi, ẹ lọ ṣí ìwé yẹn kí ẹ wo 702. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. Málákì àti Ọmọ́ṣọlá, lórí ìlà kan, nọ́ńbà kan.

Mo rò pé àṣìṣe ni. Mo lọ sí iwájú, mo rí àwọn ìbejì míì, ìlà kan. Mo tún lọ, ìlà kan. Láti orí wa títí dé ọdún tó kọjá, gbogbo ìbejì tó wọ ìwé yẹn, nọ́ńbà kan ni wọ́n fún àwọn méjèèjì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni. Nọ́ńbà ìlà ni ẹ kà, ẹ ò ka èèyàn. Iye wa kì í ṣe 1,931. Iye wa jẹ́ 2,014.

Ẹ dá báírò yẹn padà fún Bámiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yé mi. Katikíìsì Akínladé ló ń kọ ìwé náà nígbà yẹn, ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́ roro, kò ṣi ibòmíràn kọ. Kí ló dé tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwa ìbejì?

Ọmọ yín, Málákì.


Igbó-Ọrà,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Karùn-ún, 2024.

Málákì ọmọ mi, Táyélolú,

Mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo bú sẹ́rìn-ín títí aládùúgbò fi yọjú láti bi mí pé ta ni àlejò mi. Ẹ̀bi ilé wa ni. Ìwọ gan-an ni ìdí rẹ̀, ìwọ àti Kẹ́hìndé, ẹ ò sì tíì hu eyín nígbà yẹn.

Mo ti gbàgbé pátápátá. Lọ́jọ́ ìbatisí yín, ìyá bàbá rẹ wá. Màmá Hàlímọ̀, Mùsùlùmí paraku, ṣùgbọ́n ó ní ọmọ òun ni wọ́n fẹ́ da omi sí lórí, òun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó jókòó síwájú. Akínladé ṣí ìwé, ó kọ ọ́ sí 702, ó fẹ́ kọ Kẹ́hìndé sí 703. Màmá Hàlímọ̀ na ọrùn.

"Katikíìsì, ta lẹ kọ ṣáájú yẹn?"

Akínladé ní èyí tó kọ́kọ́ wáyé ni. Màmá dìde.

"Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ló wá di ọ̀gá ẹni tó rán an?"

Ó ní gbogbo ayé ló mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni àgbà, òun ló rán Táíwò pé kó lọ tọ́ ayé wò. Bí wọ́n bá kọ àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n sínú ìwé Ọlọ́run, àìsàn ló ń fà. Akínladé ní kò burú, òun á pa á rẹ́. Ìyá tèmi náà bá dìde lódì kejì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pa orúkọ ọmọ rẹ́ o, kí ló fẹ́ ṣe ọmọ náà? Fádà òyìnbó dúró pẹ̀lú omi lọ́wọ́, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìwọ ń ké. Ni Akínladé bá kọ Kẹ́hìndé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ lórí 702 kan náà, ọgbọọgba, ó fi 703 sílẹ̀ fún ọmọ mìíràn, ó ní, "Kò sẹ́ni tó ṣáájú." Àwọn màmá méjèèjì jókòó. Èmi gan-an dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà, òun ò ní bá ìyá ìbejì kankan jà ní Igbó-Ọrà mọ́. Àwọn tó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e láì béèrè.

Èmi àti Bámiṣẹ́ gbé ìwé náà lọ bá ìgbìmọ̀. Fádà ọ̀gá wọn kì í ṣe ará ibí, kò mọ bí ìbejì wa ṣe pọ̀ tó, ó rò pé àpárá la wá dá. Nígbà tó yá, ó ní àwọn gbà pé ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni àwọn ń fẹ́. Lọ́jọ́ Sunday, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹfà, ó kéré tán ẹnì kan nínú ìbejì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé wọ́n ṣe ìbatisí fún àwọn méjèèjì níbí. Ìlà tí a ò bá rí ẹni jẹ́rìí sí, wọ́n á ṣì kà á sí ẹnì kan ṣoṣo.

Èèyàn wa ti fọ́n ká, Málákì. Wọ́n wà ní Tápà, ní Ayete, ní Ìbàdàn, ní ibi tí mi ò mọ̀. Ta ló máa jẹ́rìí fún 702? Ìwọ wà lókè òkun. Ó ku Kẹ́hìndé. Bá a sọ̀rọ̀.

Nípa Míísà, mi ò ní bá ọ jà nínú lẹ́tà yìí. Mo fi pamọ́ síbì kan.

Ìyá rẹ.


Cork,
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, 2024.

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lè tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ burúkú sí i nígbà ìgbéyàwó yẹn, nípa Tàófíìk, ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kọ síbí. Mo pè é lánàá. Ó gbé e. Mo ní, "Kẹ́hìndé, nọ́ńbà kan ni wọ́n fún ìwọ àti èmi nínú ìwé ìbatisí." Ó wá ní:

"Ta ni wọ́n kọ ṣáájú?"

Bí mo ṣe mọ̀ pé ó ti dárí jì mí nìyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó gbé fóònù fún ọkọ rẹ̀, mo bẹ òun náà. Tàófíìk ní ìjà ìbejì, òun kì í dá sí i.

Ṣùgbọ́n Màámi, nígbà tí mo dárúkọ ọjọ́ ẹ̀rí, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ fún òun pé kí òun má mú Tàófíìk wá síwájú àwọn ìyá ìjọ, kí wọ́n má bàa máa sọ̀rọ̀ yín. Ó ní òun ò fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn. Mi ò mọ̀. Gbogbo ọdún mẹ́ta yìí, ẹ ń sọ fún mi pé ó pa ìsìn tì.

Mi ò bá yín wí o, ta ni mí. Ṣùgbọ́n ìlà yìí ti kọjá ọwọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ lè lọ bá a.

Málákì.


Igbó-Ọrà,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹfà, 2024.

Málákì,

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Lẹ́tà rẹ gún mi. Òótọ́ ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ìyá ọkọ mi tó jẹ́ Mùsùlùmí jókòó síwájú lọ́jọ́ ìbatisí yín, kò sẹ́ni tó lé e, èmi wá ń tijú ọkọ ọmọ mi.

Lọ́jọ́ kejì tí mo kà á, mo wọ mọ́tò lọ sí Èrúwà. Tàófíìk ló ṣílẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀. Mo ní mo wá bẹ̀ wọ́n. Ó ní, "Ẹ jókòó ná, Màmá Ìbejì, wọn kì í bẹ èèyàn lórí ìdúró." Ọmọ wọn Aliyyah gun ẹsẹ̀ mi bí ẹni tó ti mọ̀ mí tipẹ́. Mo bẹ Ọmọ́ṣọlá lójú ọkọ rẹ̀. Ó gbé iṣu wá fún mi, ó ní òun gbọ́. Mo padà sílé, mi ò mọ̀ bóyá ó máa wá.

Àná wá pé. Àwọn ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í dé kí Míísà tó parí. Wọ́n ń bọ̀ láti Tápà lórí ọ̀kadà, méjì méjì, lẹ́yìn ọlọ́kadà kan. Fádà ọ̀gá ìgbìmọ̀ jókòó sídìí tábìlì lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń pe nọ́ńbà. Nígbà tó pe ìkẹta, ọkùnrin kan jẹ́rìí, ẹnì kan tún bọ́ síwájú, Fádà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní ọkùnrin yìí ti jẹ́rìí lẹ́ẹ̀kan, kó má tan òun. Ìkejì ọkùnrin náà yọ láti ẹ̀yìn. Fádà ò tún bọ́ gíláàsì mọ́.

Ràhmọ̀t wá láti Tápà pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀. Felísítà ló ń jẹ́ nínú ìwé, ó ti fẹ́ Ààfáà báyìí. Fádà bi í pé ṣé kò ní í ni ín lára láti jẹ́rìí. Ó ní, "Omi yẹn ti gbẹ lórí mi, Fádà. Àmọ́ wọ́n dà á. Mi ò lè purọ́ pé wọn ò dà á." Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó di aago méjì, ìlà mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ó ku mẹ́jọ kí a tó pé ẹgbẹ̀rún méjì. Ojú ọ̀nà dá páropáro. Fádà ń wo aago. Bámiṣẹ́ jókòó tì mí, kò sọ nǹkan kan nípa báírò, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn. Bàbá Òjó wà lórí àga, ó ń wo ọ̀nà Èrúwà bí ẹni tó ń retí ìyàwó.

Bọ́ọ̀sì Tàófíìk ló yọ. Ṣé o mọ̀ pé ó ń wa bọ́ọ̀sì Èrúwà sí Ìbàdàn? Kò gbé èrò kankan lánàá àfi ìbejì. Ọmọ́ṣọlá ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ wá wọn kiri, ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ní Pólì, láàárín àwọn aránṣọ. Ìlà mẹ́wàá ló bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ìkọkànlá. Ó rìn lọ sídìí tábìlì, ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ọmọ wà lọ́wọ́ ọkọ. Mo dìde, mo mú Tàófíìk lọ́wọ́, mo mú un jókòó sáàárín àwọn ìyá ìjọ, lórí àga tèmi.

Fádà bi Ọmọ́ṣọlá pé ta ló ń jẹ́rìí fún.

"Èmi àti Táíwò mi. Áílándì ló wà. Àwa méjèèjì la wà lórí ìlà yẹn."

Ìlà méjìléláàádọ́rin. Ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ó lé mẹ́ta. Fádà kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i. Bàbá Òjó ní kí wọ́n tún un kà fún òun, wọ́n tún un kà.

A ń retí Bíṣọ́ọ̀bù báyìí. Gbàdúrà, bí o bá ṣì mọ̀ ọ́n.

Ìyá rẹ.


Igbó-Ọrà,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹjọ, 2024.

Málákì, Táyélolú mi,

A ti di páríìṣì.

Wọ́n ka ìwé Bíṣọ́ọ̀bù lórí pẹpẹ láàárọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ó ti ní "láti òní lọ," ariwo ò jẹ́ ká gbọ́ ìyókù. Àwọn obìnrin tú gèlè, wọ́n ń fì í. Bámiṣẹ́ tó máa ń pariwo lórí gbogbo nǹkan jókòó, ó ń sunkún bí ọmọdé. Àwọn ará Ayete ránṣẹ́ kí wa, àwa náà ti ní a óò bá wọn ka ìwé tiwọn lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn náà ní ìbejì.

Fádà wa ti dé, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, bàtà rẹ̀ ṣì mọ́. Bàbá Òjó bi í pé yàrá wo ló máa sùn. Fádà nawọ́ sí fèrèsé. Bàbá Òjó fi ọ̀pá rẹ̀ wọn ọ̀nà láti ibẹ̀ dé ilé tirẹ̀, ó kà á dé ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ ó lé díẹ̀. Ó ní, "Fádà, bí mo bá wúkọ́, ẹ máa gbọ́." Ó wá ní kí ẹnikẹ́ni má ro ikú ro òun o, òun fẹ́ gbádùn Fádà yìí ná. Mo rìn dé ibi tí a sin bàbá rẹ sí, mo sọ fún un. Mi ò pẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ nílé.

Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá oṣù Kọkànlá. Wọ́n ní gbogbo ìbejì inú ìwé náà máa tò síwájú, méjì méjì, kí ó lè súre fún wọn. Tàófíìk ti ní bọ́ọ̀sì òun ló máa kó àwọn ará Èrúwà. Ọmọ́ṣọlá ti rán aṣọ Aliyyah. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ibi tí òun máa dúró sí, ó ní òun ò ní dúró síbì kankan ní òun nìkan. Ó ní òun ti jẹ́rìí fún ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan, kò tún sí mọ́, kí Táíwò wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró.

Lọ bá ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́. Sọ fún un pé ilé ń pè ọ́. Kí o má sì fi àmì búlúù dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ yìí, kí o kọ ọjọ́ tí o máa wọlé síbẹ̀, kí n lè kà á fún Kẹ́hìndé.

Ìyá rẹ, Keturah Abíọ́nà.